Ilé Tí Ẹ Jọ Ra, Ìyà Tí Ẹnì Kan Ń Dá Jẹ: Ohun Tí Òfin Lè Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé inú ilé náà bá wá jẹ́ ẹni tó ń lù yín, tó ń halẹ̀ mọ́ yín, tàbí tó ń gba gbogbo owó ọwọ́ yín ńkọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé, kí lẹ lè ṣe? Ẹ̀kọ́ wa nìyẹn lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ti ra ilé sí Barking, sí Dagenham, àti sí Becontree. Becontree yìí, London County Council ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1921 sí 1935, ilé bíi 26,000, fún àwọn ayálégbé. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1980 ti jẹ́ kí ayálégbé lè ra ilé káńsù, púpọ̀ nínú wọn ti di ilé àrà, wọ́n sì ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Tọkọtaya á ṣe iṣẹ́ alẹ́, wọ́n á ṣe iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á dá àjọ, kí wọ́n tó rí owó àkọ́kọ́ tí báńkì ń béèrè. Ìdí nìyí tó fi ṣòro fún ẹni tí ìyà ń jẹ láti ní òun ń lọ. Ẹlòmíràn á ní, "Bí mo bá fi lè jáde, ilé mi ti lọ nìyẹn." Ẹlòmíràn á ní, "Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kò sẹ́ni tó lè lé e jáde." Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a sì fẹ́ fi hàn yín nìyí.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan yìí wà lọ́kàn yín bí ẹ ti ń kà á lọ: ọ̀tọ̀ ni ẹni tí yóò máa gbé inú ilé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni ilé. Ìbéèrè méjì ni. Èkíní jẹ́ ti ààbò, òfin sì lè dáhùn rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ohun ìní, ó lè gba oṣù tàbí ọdún. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa dúró de ìpín ilé nínú ewu.

Kí ni òfin ń pè ní ìwà ipá nínú ilé?

Kì í ṣe ìlù nìkan. Òfin Domestic Abuse Act ti ọdún 2021 ka ìhàlẹ̀, ìfipábánilòpọ̀, ìdààmú ọkàn, àti kí ènìyàn máa darí ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹrú mọ́ ọn. Ó ka ti owó náà mọ́ ọn: ẹni tó ń gba owó oṣù yín, tó ń jẹ gbèsè sí yín lọ́rùn, tàbí tó kọ̀ kí ẹ ṣiṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ Yemshaw, ti obìnrin kan ní Hounslow tó kó ọmọ méjì jáde nílé ọkọ. Káńsù ní ọkọ kò lù ú, nítorí náà kò sí ìwà ipá. Ilé ẹjọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìwà ipá ju ìlù lọ. Láti ìparí ọdún 2015 pàápàá, kí ènìyàn máa fi ìhàlẹ̀ àti ìdarí ni ẹnìkejì rẹ̀ lára ti di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, ojú kò sì gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2020, káńsù Barking and Dagenham gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí rẹ̀, Polly Neate ni alága, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 2021. Ọkùnrin náà wà tí aya rẹ̀ ń fìyà jẹ. Òfin kan náà ló wà fún wọn.

Ṣé wọ́n lè lé ẹni tó ni ilé jáde?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹjọ́ kan tó ti ìlú London yìí wá. Ní ọdún 1977, obìnrin kan àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní Hackney jọ ní orúkọ lórí ilé káńsù kan. Wọn kò ṣe ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n wọ́n bímọ. Ọkùnrin náà ń lù ú gan-an, ó sì ń halẹ̀ pé òun á pa á. Obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀, ó sá lọ sí ilé ààbò ní Chiswick. Kọ́ọ̀tù kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà jáde, adájọ́ mìíràn sì yí àṣẹ náà padà, nítorí wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé kò ṣeé lé. Ẹjọ́ náà ń gòkè títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Lord Denning àti àwọn adájọ́ mẹ́rin mìíràn, ó sì dé House of Lords. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, wọ́n dá a pé kọ́ọ̀tù lè lé oníwà ipá jáde, bí ó tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ilé náà. Ẹjọ́ Davis àti Johnson ni wọ́n ń pè é, àwọn lọ́yà ṣì ń kọ́ ọ títí dòní.

Òfin tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí ni Family Law Act ti ọdún 1996, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1997. Àṣẹ méjì ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ orúkọ wọn.

Èkíní ni non-molestation order. Àṣẹ yìí ní kí ẹni náà má lù yín, kó má halẹ̀, kó má pe fóònù yín, kó má dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín tàbí ilé ìwé ọmọ. Láti oṣù keje ọdún 2007, ẹni tó bá rú u ti dá ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá lè mú un, ó sì lè ṣe ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5.

Èkejì ni occupation order. Òun ló ń dáhùn ìbéèrè wa àkọ́kọ́, ta ni yóò máa gbé inú ilé. Kọ́ọ̀tù lè ní kí ẹnì kan jáde, kó má sún mọ́ àdúgbò náà, tàbí kí wọ́n gbà yín padà sínú ilé tí wọ́n lé yín kúrò. Bí orúkọ yín bá wà lórí ìwé, ẹ lè béèrè fún un, yálà ẹ ṣe ìgbéyàwó tàbí ẹ kò ṣe é. Adájọ́ á wo owó, ìlera, ìwà, àti ibi tí oníkálukú lè rí gbé. Àmọ́ òṣùwọ̀n kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Bí ó bá hàn pé ẹ̀yin tàbí ọmọ á fara gbá ìpalára ńlá láìsí àṣẹ náà, adájọ́ gbọ́dọ̀ fún yín, àyàfi bí ìpalára tí àṣẹ náà á ṣe fún ẹnìkejì tàbí ọmọ bá tó tiyín tàbí tó jù ú lọ.

Báwo lẹ ṣe máa béèrè? Fọ́ọ̀mù FL401 ni. Ẹ kò ní san owó kọ́ọ̀tù. Fún àwa ará ìhín, East London Family Court ní Westferry Circus, Canary Wharf, ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ewu bá wà nítòsí, adájọ́ lè fún yín ní non-molestation order lọ́jọ́ náà gan-an láìtíì sọ fún ẹnìkejì, kó sì dá ọjọ́ tí a ó gbọ́ tẹnu tirẹ̀. Lílé ènìyàn kúrò nílé láìtíì gbọ́ tẹnu rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ má retí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó mọ ibi tí ẹ wà, ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù C8. Ọlọ́pàá fúnra wọn náà lè pàṣẹ pé kí ó fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ má dédé pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ wá rò pé ó tán. Láìsí àṣẹ kọ́ọ̀tù, ẹni tó jọ ni ilé ní ẹ̀tọ́ àtiwọlé. Àṣẹ ni kó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ní láti jáde

Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ jáde. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń béèrè ìpín. Jíjáde lónìí kò pa orúkọ yín rẹ́ nínú ìwé ilé, kò sì sọ ìpín yín di ti ẹnìkejì.

Wọ́n lè sọ fún yín ní ọ́fíìsì kan pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé, kí lẹ ń wá ní káńsù?" Ẹ dá wọn lóhùn pé òfin ilé gbígbé ti ọdún 1996 kò ka ilé sí ibi tó tọ́ láti gbé bí ìwà ipá bá ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ aláìnílé lójú òfin. Láti ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2021, ẹni tí ìwà ipá nínú ilé bá sọ di aláìnílé ti wà lára àwọn tí káńsù gbọ́dọ̀ kà sí ẹni àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọmọ, tí físà rẹ̀ bá gbà á láyè ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Kò pọn dandan kó jẹ́ káńsù Barking and Dagenham. Bí ìhín kò bá láàbò, ẹ lè lọ sí káńsù mìíràn, wọn kò sì gbọdọ̀ dá yín padà síbi tí ewu wà.

Ìpín yín nínú ilé

A wá dé ìbéèrè kejì. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn méjì ń gbà jọ ní ilé níbí. Ọ̀nà kan ni joint tenancy: gbogbo ilé ni ti ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹnì kan bá kú, ẹnìkejì ló ni gbogbo rẹ̀, ohun yòówù kí wíìlì sọ. Ọ̀nà kejì ni tenancy in common: oníkálukú ní ìpín tirẹ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ tàbí ẹni tó bá wù ú.

Ẹ ronú sí i. Bí ẹ bá wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́, tí nǹkan sì ṣe yín lónìí, ẹni tó ń fìyà jẹ yín ló máa gba ilé, kì í ṣe ọmọ yín. Òfin ọdún 1925 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo kọ̀wé sí ẹnìkejì láti yí ti àkọ́kọ́ padà sí ti èkejì. Ẹnìkejì kò ní láti gbà. Fọ́ọ̀mù SEV ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Land Registry, kò sì ná ènìyàn lówó. Àmọ́ ojú méjì ló ní: bí òun ló bá kọ́kọ́ kú, ẹ̀yin náà kò ní gba tirẹ̀. Ìwé náà yóò sì dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ ti wà ní ibi ààbò kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì ṣe wíìlì.

Ẹnì kan kò lè dá tà ilé tí ẹ jọ ní, kò sì lè dá fi í yá owó, àfi bí ó bá yí ìwé. Land Registry ní ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Property Alert. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á fi lẹ́tà ayélujára sọ fún yín bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yí nǹkan padà lórí ìwé ilé náà.

Mọ́géèjì ńkọ́? Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà níbẹ̀, báńkì sì lè béèrè gbogbo owó náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Adájọ́ tó fún yín ní occupation order lè pàṣẹ pé kí ẹnìkejì máa san án. Àmọ́ ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nwogbe, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rí i pé òfin kò fún kọ́ọ̀tù lágbára láti fi ẹni tó kọ̀ láti san irú owó yìí sẹ́wọ̀n. Nítorí náà ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ pe báńkì kí gbèsè tó gùn, ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé ni, kí wọ́n má sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì àtijọ́.

Bí ẹ bá jẹ́ tọkọtaya lábẹ́ òfin, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ilé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹ kò nílò láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni kí ẹ tó gba ìkọ̀sílẹ̀. Adájọ́ lè ní kí ẹ ta ilé, kí ẹnì kan gbà á, tàbí kí títà náà dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ohun tó kọ́kọ́ ń wò ni àǹfààní ọmọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí a ṣe nínú gbọ̀ngàn ní Dagenham, pẹ̀lú alága ìdúró àti alága ìjókòó, tó dùn tó pọ̀, kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin ilẹ̀ yìí bí ẹ kò bá lọ sí registry. Èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kù sí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí; ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹni tí òfin kò kà sí ọkọ tàbí aya á lo òfin mìíràn ti ọdún 1996, Trusts of Land and Appointment of Trustees Act, láti ní kí kọ́ọ̀tù ta ilé tàbí kó dá títà rẹ̀ dúró.

Irú wọn kò gbọdọ̀ sùn lé ẹ̀tọ́ wọn. Nínú ẹjọ́ Jones àti Kernott, àwọn méjì tí kò ṣe ìgbéyàwó ra ilé ní Thundersley, ní Essex, ní ọdún 1985. Ọkùnrin náà jáde ní ọdún 1993, obìnrin ló ń dá san owó ilé láti ìgbà náà. Ní ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fún obìnrin ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkùnrin gba 10. Ẹjọ́ ìwà ipá kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá: jíjáde lọ́jọ́ kan kò gba ìpín lọ́wọ́ ẹni, ọdún gbọọrọ láìsan owó, láìsọ̀rọ̀, lè dín in kù.

Ẹlòmíràn á halẹ̀ pé, "Èkó ni màá ti kọ̀ ọ́, o ò ní rí kọ́bọ̀." Ẹ rántí ẹjọ́ Agbaje. Ọkọ gba ìkọ̀sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2005, kọ́ọ̀tù ibẹ̀ fún aya ní ilé kan ní Èkó láti máa gbé títí yóò fi kú, àti owó bíi £21,000. Aya béèrè ní London. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé kí ó gba ìdá 65 nínú owó ilé wọn ní London, bíi £275,000, kí ó sì fi ti Èkó sílẹ̀.

Owó lọ́yà

Legal aid ṣì wà fún ẹni tí ìwà ipá nínú ilé kàn, bí ó bá ní ẹ̀rí: lẹ́tà dókítà, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí lẹ́tà ilé ààbò. Wọ́n máa ń wo owó àti ohun ìní pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ilé àjọni ti ń di ìdènà. Obìnrin kan tí ilé ẹjọ́ pè ní GR, kí orúkọ rẹ̀ má bàa hàn, wà nínú ìṣòro yìí gan-an. Ó jọ ní ilé pẹ̀lú ẹni tó fìyà jẹ ẹ́, kò lè tà á, kò lè fi yá owó, síbẹ̀ wọ́n ní ó lówó jù fún legal aid. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, High Court dá a pé ọ́fíìsì náà lágbára láti má ka irú owó tó há mọ́ inú bíríkì bẹ́ẹ̀ sí i lọ́rùn. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín nítorí ilé, ẹ sọ fún lọ́yà yín pé kó wo ẹjọ́ GR.

Ọ̀rọ̀ físà

"Màá pe Home Office, wọ́n á dá ẹ padà." Ìhàlẹ̀ yìí ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pa ẹnu mọ́. Ẹni tó wà níbí lórí físà ọkọ tàbí aya ọmọ ilẹ̀ yìí, tàbí ti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú láìlópin, lè béèrè ìwé ìgbélùú tirẹ̀ bí ìwà ipá bá ló tú ilé náà ká. Kí ó tó béèrè, ó lè kọ́kọ́ gba àyè oṣù 3 tó fún un láàyè ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ẹ rí lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

1. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí: fọ́tò, ọ̀rọ̀ orí fóònù, ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ má fi wọ́n sínú ilé; ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni kí ẹ fi pamọ́ sí lọ́wọ́.

2. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ilé, ìwé mọ́géèjì, pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìbí ọmọ.

3. Ẹ má fọwọ́ sí ìwékíwèé nípa ilé, ì báà jẹ́ níwájú ẹbí, láìjẹ́ pé lọ́yà tiyín, kì í ṣe tiwọn, kọ́kọ́ kà á. Láti ọdún 2001, nínú ẹjọ́ Etridge, House of Lords ti sọ ohun tí báńkì gbọ́dọ̀ ṣe kí aya tó fi ilé dúró fún gbèsè iṣẹ́ ọkọ: kí lọ́yà bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, láìsí ọkọ níbẹ̀.

4. Bí ewu bá dé, 999. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù alágbèéká, ẹ tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́. National Domestic Abuse Helpline ni 0808 2000 247, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Fún ọkùnrin, Men's Advice Line ni 0808 801 0327. Ẹ pa nọ́ńbà náà rẹ́ lórí fóònù yín lẹ́yìn ìpè.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ̀yin aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ kan fún yín. A mọ̀ pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, àtúnṣe ilé sì dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ní "ẹ fara dà á nítorí ọmọ," ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ẹ láàbò lálẹ́ òní?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ìpàdé ẹbí lè dúró. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ wá ààbò ná, kí ẹ tó wá ìpín ilé. Ìpín yín á ṣì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń gbé ilé àti ẹni tó ni ilé?

2. Iṣẹ́ wo ni non-molestation order ń ṣe, èwo sì ni ti occupation order?

3. Bí ẹ bá jọ ní ilé ní ọ̀nà joint tenancy, ta ni yóò gba ilé bí ẹnì kan bá kú?

4. Kí ló yẹ kí ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n sọ nígbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ ọ́?